Ìtọpinpin Ìkọsílẹ̀ Tí Ó Ń Falẹ̀ Nínú Ètò Fáìlì Alápínká: Àlàyé àti Èdè-Ìperí

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ ìṣẹ̀dá èdè-ìperí mu gan-an ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ohun tuntun kan lórúkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ohun náà ti ṣẹ̀ wá, bí ó ti ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá mọ èyí, orúkọ tí ó bá sọ ọ́ yóò kàn jẹ́ òjìji ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1984, gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ oko tí ó ṣẹ́kù fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn láti ro. Igun kan nínú oko náà ni àpilẹ̀kọ yìí mú, èyí ni ìkọsílẹ̀ tí ó ń falẹ̀ nínú ètò fáìlì alápínká.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, orí irú ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè kó èsì ìdánwò, ìwé owó oṣù, tàbí ohùn àwọn arúgbó tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún ìwádìí èdè pamọ́ sí. Ẹni tí ó ti ń dúró títí kí iṣẹ́ rẹ̀ wọlé lè fi ìkánjú gba ìmọ̀ràn tí yóò mú ẹ̀rọ yára lónìí, ṣùgbọ́n tí yóò sọ dátà di àwátì lọ́jọ́ tí iná mànàmáná bá lọ lójijì. Kókó àlàyé tí ó tẹ̀lé yìí ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "kíkọ", bo ìgbésẹ̀ mẹ́rin mọ́lẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ìfalẹ̀", bo àìsàn méjì mọ́lẹ̀. Bí èdè-ìperí bá ti ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, ìdajì ìtọpinpin ti parí.

2. Ohun tí ètò fáìlì alápínká jẹ́

Ètò fáìlì ni àkójọ òfin tí kọ̀ǹpútà fi ń to fáìlì sórí díìsìkì, tí ó fi ń mọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, ibi tí ó wà, àti ẹni tí ó ní àṣẹ láti ṣí i. Bí díìsìkì náà bá wà nínú kọ̀ǹpútà mìíràn, tí kọ̀ǹpútà púpọ̀ sì jọ ń lò ó láti òkèèrè, ó di ètò fáìlì orí ìsokọ́ra. Bí àwọn fáìlì náà kò bá sí lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tí wọ́n pín ká ọ̀dọ̀ púpọ̀, ó di ètò fáìlì alápínká. Kọ̀ǹpútà tí díìsìkì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni apèsè. Kọ̀ǹpútà tí ó ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni oníbàárà.

Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ nínú àwọn ètò fáìlì orí ìsokọ́ra ni Network File System, tí wọ́n ń pè ní NFS. Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní ọdún 1985. Òfin ìran kejì rẹ̀ di títẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 1989 nínú ìwé RFC 1094. Ti ìran kẹta jáde ní 1995 nínú RFC 1813. Ìran kẹrin tẹ̀lé e ní 2000, wọ́n sì tún òfin rẹ̀ kọ ní 2003.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìran kejì àti ìran kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ yìí. Ìran kejì fi òfin líle kan lélẹ̀: apèsè kò gbọdọ̀ dáhùn pé òun ti kọ dátà sílẹ̀, àfi bí dátà náà bá ti dé ibi tí kò lè parẹ́ bí iná bá tilẹ̀ lọ. Báìtì 8,192 sì ni dátà tí ìbéèrè kan lè gbé mọ jù lọ. Òfin yìí dára fún ààbò, ṣùgbọ́n ó mú kí ìkọsílẹ̀ falẹ̀ púpọ̀. Ìran kẹta wá pín iṣẹ́ náà sí méjì. Oníbàárà lè sọ fún apèsè pé kí ó kàn gba dátà sínú ìrántí rẹ̀ ná. Lẹ́yìn èyí ni oníbàárà yóò fi àṣẹ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ COMMIT ránṣẹ́, tí apèsè yóò sì kó gbogbo ohun tí ó ti gbà sórí díìsìkì kí ó tó dáhùn. Títí ìdáhùn yẹn yóò fi dé, oníbàárà kò gbọdọ̀ sọ dátà tí ó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ nù. Apèsè tún máa ń fi nọ́ńbà àmì kan tí ó gùn tó báìtì 8 sínú èsì rẹ̀. Bí apèsè bá kú tí ó sì tún jí, nọ́ńbà náà yóò yí padà, oníbàárà yóò sì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ tún dátà náà fi ránṣẹ́.

3. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí ó wà nínú ìkọsílẹ̀

Láti inú òfin tí a ṣàlàyé lókè yìí, ó hàn pé ìkọsílẹ̀ kan ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin.

(i) Ìkójọ: ètò tí ẹni náà ń lò gbé dátà fún oníbàárà, oníbàárà sì kó o jọ sínú ìrántí tirẹ̀.

(ii) Ìfiránṣẹ́: oníbàárà dì í ní ìdì ìdì, ó sì fi í ránṣẹ́ lórí ìsokọ́ra.

(iii) Ìgbàwọlé: apèsè gba ìdì náà sínú ìrántí tirẹ̀.

(iv) Ìfìdímúlẹ̀: apèsè gbé dátà náà dé ibi ìpamọ́ adúró, ó sì fi ìjẹ́rìí ránṣẹ́ sí oníbàárà pé ó ti dé ibẹ̀.

Ìṣe àwọn alájọ ní ọjà lè mú kí èyí yé ènìyàn dáadáa. Ìyá ọlọ́jà kó owó jọ sínú kóló rẹ̀ láti àárọ̀. Ó fi owó náà lé alájọ lọ́wọ́. Alájọ gbà á sínú àpò rẹ̀. Ní ìkẹyìn, alájọ gbé owó náà lọ sí báńkì. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé, ìgbà wo ni ó tọ́ kí alájọ fàmì sí káàdì ìyá ọlọ́jà? Alájọ ti ìran kejì NFS máa ń sáré dé báńkì pẹ̀lú náírà kọ̀ọ̀kan kí ó tó fàmì sí káàdì, ìyá ọlọ́jà yóò sì dúró tì í títí yóò fi dé. Alájọ ti ìran kẹta máa ń fi pẹ́ńsù fàmì sí i bí ó bá ti gba owó, yóò sì fi bírò fà á nígbà tí ó bá ti báńkì dé ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá ọlọ́jà mọ̀ pé àmì pẹ́ńsù kò tíì jẹ́ ẹ̀rí tó, nítorí náà kò ní fọkàn balẹ̀ títí yóò fi rí àmì bírò.

Nígbà tí ènìyàn bá sọ pé "kíkọ ń pẹ́", kò tíì sọ èyí tí ó ń pẹ́ nínú ìgbésẹ̀ mẹ́rin wọ̀nyí. Oògùn ìgbésẹ̀ kan kò sì kan èkejì.

4. Ìdádúró, ìwọ̀n ìṣàn àti ìbú ọ̀nà

Ìdádúró ni àkókò tí ó wà láàrin ìgbà tí oníbàárà béèrè àti ìgbà tí èsì dé. Ìwọ̀n ìṣàn ni iye dátà tí ó kọjá láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìbú ọ̀nà ni iye tí ó pọ̀ jù tí ọ̀nà náà lè gbà. Àwọn ènìyàn sábà máa ń rò pé bí ìbú ọ̀nà bá ti pọ̀, ìkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ yára. Èrò yìí kò tọ̀nà. Bí alábàárù kan bá ń ru kòǹgò gàrí kan ṣoṣo láti ọjà lọ sí ilé, tí ó sì gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí kí ó tó padà wá ru òmíràn, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ títì náà di ọ̀nà mẹ́wàá, iye gàrí tí yóò dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú kò ní yí padà.

Ìṣirò fi èyí hàn kedere. Díìsìkì tí ó ń yí ní ìgbà 7,200 láàrin ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà 120 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyípo kan gba mìlísẹ́kọ́ǹdì 8.33, ìyẹn ni pé ìdajì ìyípo gba 4.17. Bí apá tí ó ń kàwé lórí díìsìkì bá tún gba nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdì 8 láti dé ibi tí ó ń lọ, àpapọ̀ rẹ̀ yóò tó 12. Kí á fi mìlísẹ́kọ́ǹdì 1 kún un fún àlọ-àbọ̀ orí ìsokọ́ra, ó di 13. Bí oníbàárà bá ń dúró de ìjẹ́rìí kan kí ó tó fi òmíràn ránṣẹ́, nǹkan bíi ìbéèrè 77 péré ni yóò parí láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bá gbé báìtì 8,192, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlóbáìtì 630 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ń gba gígábíìtì 1 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan lè gbé mẹ́gábáìtì 125. Ohun tí ó kọjá níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìbú ọ̀nà náà.

Bí wọ́n bá wá sọ ìdì náà di ńlá, tí ó di báìtì 1,048,576, ìdì kọ̀ọ̀kan yóò gba nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdì 8.4 lórí ọ̀nà. Àpapọ̀ àkókò di 21.4. Ìbéèrè tí yóò parí dínkù sí bíi 47, ṣùgbọ́n dátà tí ó kọjá di nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 49, láìka àkókò tí díìsìkì fúnra rẹ̀ yóò fi gba ẹrù ńlá náà. Ọ̀nà náà kò fẹ̀ sí i, díìsìkì kò sì yára ju ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni iye ìgbà tí ènìyàn ń dúró.

Jíjìn ibi náà tún ń dá kún ìdádúró, kò sì sí oògùn tí ó lè mú un kúrò pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú wáyà onígíláàsì. Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bíi kìlómítà 5,000 bí ẹyẹ bá fò ó tààrà. Nítorí náà, àlọ-àbọ̀ kan láàrin ìlú méjèèjì kò lè dín ní mìlísẹ́kọ́ǹdì 50, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ náà dára tó.

5. Ìlànà ìtọpinpin

Òfin àkọ́kọ́ ni pé kí olùtọpinpin má ṣe yí ohunkóhun padà kí ó tó wọn nǹkan. Òfin kejì ni pé kí ó máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì tún wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá yí nǹkan márùn-ún padà pọ̀ kò ní mọ èyí tí ó wo àìsàn náà sàn, kò sì ní mọ èyí tí ó dá òmíràn sílẹ̀.

5.1 Ọ̀nà. Àṣẹ ping ń wọn ìdádúró orí ìsokọ́ra. Ètò iperf3 ń wọn ìwọ̀n ìṣàn rẹ̀ láìfọwọ́ kan díìsìkì rárá. Lórí ọ̀nà gígábíìtì 1, nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 940 ni iperf3 sábà máa ń fi hàn bí ara ọ̀nà bá dá. Bí ó bá fi nǹkan bíi 94 hàn, ó ṣeé ṣe kí ojú ìsopọ̀ kan ti sọ̀ kalẹ̀ sí 100, bóyá nítorí wáyà tí kò dára. Àbùkù mìíràn tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ ni ti ìwọ̀n ìdì tí kò bára mu. Ìdì tí ó wọ́pọ̀ lórí Ethernet kò ju báìtì 1,500 lọ, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn máa ń sún un sí 9,000. Bí oníbàárà àti apèsè bá ń lo 9,000, tí ẹ̀rọ kan láàrin wọn kò sì gbà ju 1,500 lọ, ìdì kéékèèké yóò máa kọjá, ńláńlá yóò sì máa sọnù. Ping yóò dáhùn, orúkọ fáìlì yóò hàn, ṣùgbọ́n bí ìkọsílẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò dákẹ́ lọ gbári.

5.2 Apèsè. Lórí apèsè fúnra rẹ̀, láìgba orí ìsokọ́ra, kí olùtọpinpin wọn nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni kí ó fi àṣẹ dd kọ fáìlì ńlá kan ní ìdì mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi conv=fsync sí i kí ìfìdímúlẹ̀ lè wáyé lẹ́ẹ̀kan ní ìparí. Èkejì ni kí ó kọ ìdì kìlóbáìtì 8 kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oflag=dsync, tí yóò mú kí ìfìdímúlẹ̀ wáyé fún ìdì kọ̀ọ̀kan. Bí àkọ́kọ́ bá yára tí èkejì sì falẹ̀, ìṣàn díìsìkì dára. Ìdádúró ìfìdímúlẹ̀ ni àìsàn. Bí méjèèjì bá falẹ̀, díìsìkì náà kò tó iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lórí, tàbí kí ó ti máa kú lọ. Àṣẹ iostat yóò fi hàn bí ìbéèrè bá ń tò pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Bí wọ́n bá so díìsìkì púpọ̀ pọ̀ ní ìlànà RAID 5, ìkọsílẹ̀ kékeré kan máa ń di iṣẹ́ mẹ́rin: ẹ̀rọ yóò ka dátà àtijọ́ àti àmì ìṣirò àtijọ́, yóò sì kọ tuntun méjèèjì. Iye òṣìṣẹ́ inú apèsè náà tọ́ sí àyẹ̀wò. Lórí Linux, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òṣìṣẹ́ 8 ni NFS máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Bí oníbàárà bá pọ̀, tí gbogbo òṣìṣẹ́ sì ń dúró de díìsìkì, àwọn tí ó kù yóò tò síta.

5.3 Oníbàárà. Àṣẹ nfsiostat ń fi àkókò méjì hàn fún ìkọsílẹ̀. Èkíní, tí ó pè ní RTT, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ìbéèrè ti kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà títí èsì fi dé. Èkejì, tí ó pè ní exe, ka àkókò tí ìbéèrè fi tò lọ́dọ̀ oníbàárà mọ́ ọn. Bí RTT bá pọ̀, kí olùtọpinpin padà sí ọ̀nà tàbí apèsè. Bí RTT bá kéré tí exe sì pọ̀ púpọ̀, ọ̀dọ̀ oníbàárà ni ìdígàgá wà. Àṣẹ yìí kan náà ń fi ìwọ̀n ìbéèrè kọ̀ọ̀kan hàn. Bí wọ́n bá ti fún oníbàárà láyè láti gbé báìtì 1,048,576, tí ìbéèrè sì ń jáde ní kìlóbáìtì mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ ìsokọ́ra. Ètò tí ń kọ dátà ni kò jẹ́ kí ó kójọ, tàbí kí ẹnì kan ti fi àṣẹ sync sí ìsopọ̀ náà.

Àmì kan tún wà tí kò ṣòro mọ̀: kí ìkọsílẹ̀ máa yára kánkán ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì falẹ̀ lójijì. Èyí kì í ṣe àìsàn tuntun. Kóló ni ó kún. Gẹ́gẹ́ bí Linux ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bí dátà tí kò tíì lọ bá dé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìrántí tí ó wà fún lílò, oníbàárà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ránṣẹ́. Bí ó bá dé ìdá 20, yóò dá ètò tí ń kọ ọ́ dúró ná. Ìyára àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìrántí. Ìfalẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni òdodo. Nítorí èyí, iyekíye tí ó bá ju mẹ́gábáìtì 125 lọ lórí ọ̀nà gígábíìtì 1 kì í ṣe ìwọ̀n ọ̀nà náà rárá.

5.4 Fáìlì kéékèèké. NFS ṣèlérí pé bí ẹnì kan bá pa fáìlì dé, ẹni tí ó bá ṣí i lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kọ. Láti mú ìlérí yìí ṣẹ, oníbàárà máa ń fi gbogbo dátà tí ó kójọ ránṣẹ́ nígbà tí fáìlì bá ń padé, yóò sì dúró de ìjẹ́rìí. Bí fáìlì kan bá gba àlọ-àbọ̀ mẹ́ta, ìyẹn ṣíṣẹ̀dá, kíkọ àti ìfìdímúlẹ̀, fáìlì 10,000 gba àlọ-àbọ̀ 30,000. Láàrin Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú mìlísẹ́kọ́ǹdì 50, ó di ìṣẹ́jú 25, bí fáìlì kọ̀ọ̀kan kò tilẹ̀ ní ju lẹ́tà kan ṣoṣo nínú. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n di àwọn fáìlì náà pọ̀ sí ẹyọ kan kí wọ́n tó gbé e lọ, tàbí kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa gbé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

5.5 Ẹ̀dà. Nínú ètò tí ó ń pa ẹ̀dà mẹ́ta dátà mọ́, ìkọsílẹ̀ kan jẹ́ mẹ́ta. Nínú GlusterFS, oníbàárà fúnra rẹ̀ ni ó máa ń fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Nítorí náà, mẹ́gábáìtì 125 ọ̀nà gígábíìtì 1 yóò pín sí mẹ́ta, kò sì ní ju nǹkan bíi 41 lọ fún ìkọsílẹ̀. Nínú Ceph, oníbàárà ń fi dátà ránṣẹ́ sí ọ̀gá àwọn apèsè tí ó ni ín, ọ̀gá náà ni ó sì ń pín in fún àwọn yòókù, kò sì ní jẹ́rìí títí àwọn yòókù náà yóò fi jẹ́rìí fún un. Nínú méjèèjì, èyí tí ó falẹ̀ jù nínú àwọn apèsè ni ó máa ń pinnu ìdádúró gbogbo ìkọsílẹ̀. Díìsìkì kan tí ara rẹ̀ kò yá lè fa odidi agbo sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ń wo ìdajì gbogbo wọn pọ̀ kò ní rí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ó máa wò wọ́n.

6. Ìjẹ́rìí àìtọ́jọ́

Oògùn kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń júwe fún ara wọn nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọn a ní kí alámòójútó apèsè pa sync dà sí async nínú ìwé tí ó fi ń pín fáìlì fún àwọn oníbàárà. Ìkọsílẹ̀ a sì yára lójú ẹsẹ̀. Níhìn-ín ni èdè-ìperí ti wúlò ju ẹ̀rọ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo yìí ń jẹ́ ohun méjì tí kò jọra.

Lọ́dọ̀ oníbàárà, async túmọ̀ sí pé ètò tí ń kọ dátà kò ní máa dúró fún ìdì kọ̀ọ̀kan. Dátà yóò kójọ ná. Bí ètò náà bá béèrè ìfìdímúlẹ̀ pẹ̀lú fsync, tàbí bí ó bá pa fáìlì dé, oníbàárà yóò dúró gbọ́ òtítọ́. Èyí kò burú. Òun tilẹ̀ ni ìṣe àbínibí NFS. Ìkọsílẹ̀ aláìdúró ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́.

Lọ́dọ̀ apèsè, async túmọ̀ sí pé apèsè yóò sọ pé dátà ti dé ibi ìpamọ́ adúró nígbà tí ó ṣì wà nínú ìrántí. Bí oníbàárà tilẹ̀ fi COMMIT ránṣẹ́, apèsè yóò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni kí iṣẹ́ tó ṣe. Oníbàárà gbà á gbọ́, ó sọ dátà ọwọ́ rẹ̀ nù. Bí iná bá lọ lákòókò náà, nọ́ńbà àmì tí ó yí padà kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́, nítorí pé kò sí ohun tí oníbàárà yóò tún fi ránṣẹ́. Ó dà bí alájọ tí ó fi bírò fàmì sí káàdì nígbà tí owó ṣì wà nínú àpò rẹ̀, tí àwọn olè sì dá a lọ́nà kí ó tó dé báńkì. Káàdì gbè é, owó kò sí. Ìjẹ́rìí àìtọ́jọ́ ni orúkọ tí ó yẹ èyí, orúkọ náà sì ti kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá gbọ́ ọ.

Ìtàn àkójọ irinṣẹ́ nfs-utils ti Linux jẹ́rìí sí i. Nínú ìtẹ̀jáde 1.0.0 àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, async ni apèsè máa ń lò bí alámòójútó kò bá sọ ohunkóhun. Nínú gbogbo àwọn tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀, sync ni. Ẹni tí ó bá wá láti orí ti àtijọ́ sí ti tuntun lè rò pé ẹ̀rọ tuntun ni ó falẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun kò ṣe ju pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́.

Oògùn tòótọ́ fún ìdádúró ìfìdímúlẹ̀ ni kí wọ́n sún ibi ìpamọ́ adúró mọ́ tòsí. Bí apèsè bá ní ìrántí tí bátìrì ń ṣọ́, tàbí díìsìkì aláìníyípo tí ó ní agbára tí yóò gbé e títí dátà yóò fi wọlé bí iná bá lọ, ó lè jẹ́rìí ní kánkán láìpurọ́. Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan. Èsì ìdánwò tí ó bá sọnù, wọ́n lè tún un kó jọ pẹ̀lú wàhálà. Ohùn arúgbó tí ó ti kú, kò sí ẹni tí yóò tún un gbà sílẹ̀.

7. Àkójọ èdè-ìperí

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà rí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí: fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú, ìṣẹ̀dá láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe, àti ọ̀rọ̀ àyálò bíi fáìlì, díìsìkì, dátà àti báìtì, tí ó ti wọ ẹnu àwọn ènìyàn. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sá fún. Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, ń fi ọrùn ìgò pe ibi tí iṣẹ́ ti há. Yorùbá tí kò bá ti gbọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì kò ní mọ ohun tí ìgò wá ṣe níbẹ̀. Ìdígàgá, láti inú "dí gàgá", sọ ohun náà fúnra rẹ̀.

Apèsè: kọ̀ǹpútà tí ń pa fáìlì mọ́ fún àwọn mìíràn.
Oníbàárà: kọ̀ǹpútà tí ń béèrè fáìlì tàbí tí ń fi í ránṣẹ́.
Ìdì: ìwọ̀n dátà tí ó rìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.
Àlọ-àbọ̀: ìrìn ìbéèrè kan àti èsì rẹ̀.
Ìdádúró: àkókò tí ó wà láàrin ìbéèrè àti èsì.
Ìwọ̀n ìṣàn: iye dátà tí ó kọjá láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan.
Ìbú ọ̀nà: iye tí ó pọ̀ jù tí ọ̀nà lè gbà.
Ìpamọ́ adúró: ibi tí dátà kò ti lè parẹ́ bí iná bá lọ.
Ìfìdímúlẹ̀: gbígbé dátà dé ìpamọ́ adúró.
Ìjẹ́rìí: èsì tí ó sọ pé ìfìdímúlẹ̀ ti wáyé.
Ìkọsílẹ̀ adúró-dèsì: èyí tí ètò gbọ́dọ̀ dúró de ìjẹ́rìí fún ìdì kọ̀ọ̀kan.
Ìkọsílẹ̀ aláìdúró: èyí tí dátà ń kójọ lọ́dọ̀ oníbàárà kí ó tó lọ.
Ìjẹ́rìí àìtọ́jọ́: ìjẹ́rìí tí apèsè ṣe kí ìfìdímúlẹ̀ tó wáyé.
Ẹ̀dà: dátà kan náà tí ó wà lọ́dọ̀ apèsè ju ọ̀kan lọ.
Ìdígàgá: ibi tí iṣẹ́ ti há tí ó sì dá ìyókù dúró.
Ìtọpinpin: wíwá orísun àbùkù láti ìpele dé ìpele.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé yìí ti fi hàn pé ìkọsílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, pé ìdádúró yàtọ̀ sí ìwọ̀n ìṣàn, àti pé olùtọpinpin gbọ́dọ̀ wọn ọ̀nà, apèsè àti oníbàárà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó tún fi hàn pé orúkọ tí kò ya ìkọsílẹ̀ aláìdúró kúrò lára ìjẹ́rìí àìtọ́jọ́ lè sún ènìyàn sọ dátà rẹ̀ nù láìmọ̀. Kò pọn dandan kí Yorùbá jogún àìṣedéédéé èdè tí ó ti ya ìmọ̀ náà lò. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣe iṣẹ́ méjì, Yorùbá lè fi ọ̀rọ̀ méjì ṣe é, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì kọ́ ọ ní èdè abínibí rẹ̀ yóò tètè mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ bà.